Owó Ìjọba Ìbílẹ̀: Ibi tí Ó ti ń Wá àti Ẹni tí Ó Yẹ Kí Ó Béèrè Rẹ̀

Ní ọjọ́ ọjà Òjé, tí ó máa ń pé ní ìtàdógún-ìtàdógún, àwọn aláṣọ òkè a máa ti Ìṣẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin kó sányán, àlàárì àti ẹtù wọ ìlú Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bí wọ́n ti ń tú ẹrù ni agbowó ọjà yóò dé pẹ̀lú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Owó náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọn yóò ta ìdì aṣọ kan, síbẹ̀ àríyànjiyàn kì í wọ́n lórí rẹ̀. Ọlọ́jà a fẹ́ mọ ẹni tí ó rán agbowó náà wá. A fẹ́ mọ ìgbà tí wọn yóò wá kó pàǹtí, àti ibi tí ilé ìyàgbẹ́ tí aráyé lè lò wà. Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni láti bi wọ́n.

Ṣùgbọ́n ní oṣù yẹn kan náà, owó mìíràn wọlé láti Abùjá ní orúkọ gbogbo ará ìjọba ìbílẹ̀ tí Òjé wà nínú rẹ̀. Iye rẹ̀ pọ̀ débi pé a kò lè fi owó tíkẹ́ẹ̀tì wé e. Kò sí agbowó tí ó wá sí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tí a já, nítorí náà ni kò fi sí ẹni tí ó béèrè. Owó méjèèjì ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé, ṣùgbọ́n èyí tí a kì í béèrè ni a ó dúró tì jù.

Iṣẹ́ tí a fi owó náà rán ìjọba ìbílẹ̀

Òjé wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn, tí a ń kọ ní Ibadan North-East nínú ìwé ìjọba, tí ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Ìwó Road. Ní ọdún 1991 ni a dá a sílẹ̀, nígbà tí a pín ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ń ṣàkóso àárín ìlú Ìbàdàn sí márùn-ún. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti nínú 774 tí ó wà ní Nàìjíríà.

Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ni ó ka iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe. Ọjà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ibi ìsìnkú àti ilé ìyàgbẹ́ ìlú. Ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú pópó, fífún òpópónà lórúkọ àti kíkó ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, òfin ní kí ìjọba ìbílẹ̀ bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìtọ́jú ìlera. Ẹni tí ó bá lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀ nítorí iná mànàmáná tí kò dé, ilé onílé ni ó lọ kanlẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá lọ bá a nítorí gọ́tà tí ó dí ní ẹ̀yìn ọjà, ilé tí ó tọ́ ni ó dé. Ìlú tí ó rí Omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa gbé ilé àti ènìyàn lọ, kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ gọ́tà àti pàǹtí ṣeré.

Owó tí ó ń ti Abùjá wá

Lóṣooṣù ni àwọn aṣojú ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ máa ń jókòó ní Abùjá láti pín owó tí ó wọ àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè. Owó epo rọ̀bì, owó ẹnubodè àti owó-orí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wà lára rẹ̀. A ó kọ́kọ́ yọ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo fún àwọn ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde. Nínú èyí tí ó kù, ìjọba àpapọ̀ ń gba ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ ń gba 26.72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì ń gba 20.60.

Ẹ jẹ́ kí a fi 1,000 náírà ṣe àpẹẹrẹ. Ìjọba àpapọ̀ yóò mú 526 náírà àti 80 kọ́bọ̀, ìpínlẹ̀ 36 yóò pín 267 náírà àti 20 kọ́bọ̀ láàárín ara wọn, 206 náírà yóò sì kù fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ yìí. A kò pín 206 náírà yìí bí ẹni pín ẹ̀kọ. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni a ń pín dọ́gba-ń-dọ́gba. Ìyẹn jẹ́ 82 náírà àti 40 kọ́bọ̀, tí yóò kan ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní bíi kọ́bọ̀ 11. Ìdá 30 ń tẹ̀lé iye ènìyàn tí ó ń gbé ibẹ̀. Ìdá 30 tí ó kù ni a fi ń wo bí ilẹ̀ ti tóbi tó àti bí ó ti rí, ìwọ̀n ètò ìgbáyégbádùn, àti akitiyan láti pa owó wọlé, mẹ́wàá-mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgboro Ìbàdàn àtijọ́, níbi tí agbo-ilé fi ẹ̀yìn ti agbo-ilé, kò lè fi títóbi ilẹ̀ du ohunkóhun. Orí ènìyàn ni ó ń jẹ́ kí ìpín rẹ̀ gbéra. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa sá fún àwọn tí ń kànìyàn.

Owó kejì tí ó ń ti Abùjá wá ni VAT, owó-orí tí a ń san lórí ọjà rírà. Nínú èyí, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ṣe àkíyèsí èyí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé owó epo lásán ni owó ìjọba ìbílẹ̀, pé kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni. Nígbàkúùgbà tí ìyá aláṣọ bá ra káàdì ìpè sórí fóònù rẹ̀ tàbí ohun mímu inú ìgò, owó VAT wà nínú ohun tí ó san. Ó san án, kò já tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì gbàgbé. Apá kan nínú owó náà ni ó ń rìn lọ sí Abùjá tí ó sì tún ń padà bọ̀ wá sí Ìwó Road ní orúkọ rẹ̀.

Ohun tí a ń yọ kúrò lójú ọ̀nà

Abala 162 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò kan tí ó pa owó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe owó Abùjá nìkan ni ó yẹ kí ó wọ inú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mú ìpín kan nínú owó tí òun fúnra rẹ̀ ń pa wọlé sínú rẹ̀. Inú àpò yìí ni a ti ń yọ owó oṣù àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì àwọn tí wọ́n ti sin ìjọba ìbílẹ̀ dàgbà, àti ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí ó jẹ́ ti ìgbìmọ̀ àwọn ọba àti ìjòyè. Nítorí náà, bí ẹ bá rí olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ yín ní ABD ní ilé-ìwé ìjọba, owó ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń jẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe alága ni ó gbà á síṣẹ́.

Ó tọ́ kí a san owó olùkọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kí aráàlú má mọ iye tí a yọ. Nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ní 1999, ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni owó olùkọ́ gbé gbogbo ìpín wọn lọ pátápátá ní oṣù kan sí èkejì, tí òdo sì kù sí ìwájú orúkọ wọn. Alága wà, kánsílọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí owó tí wọn yóò fi ra ṣọ́bìrì. Ìrírí yìí ni ó bí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí ó wáyé lẹ́yìn náà.

Èyí tí ó lágbára jù nínú wọn ni ìdájọ́ tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ṣe ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì. Ilé-ẹjọ́ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, pé kí ìpínlẹ̀ má ṣe dì í mú mọ́. Ìmúṣẹ apá yìí kò yá bí àwọn ènìyàn ti rò, àwọn ìjọba sì ṣì ń bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ lórí bí a óò ṣe máa san owó olùkọ́ àti ti òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n apá kejì ìdájọ́ náà ni ó kan olùdìbò gbọ̀ngbọ̀n: ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yìí. Ìgbìmọ̀ fìdíhẹ kò ní ìpín níbẹ̀. Ṣáájú ìdájọ́ yìí, ẹni tí ó bá ń wá ìdí tí òun yóò fi lọ tò lórí ìlà ní ọjọ́ ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ lè sọ pé òun kò rí i. Ní báyìí, ìbò yín ni kọ́kọ́rọ́ àpótí. Irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2021 àti ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2024.

Owó tí a ń gbà láti ọwọ́ ará ìlú

Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá ìjọba rojọ́ owó. Láyé àwọn baálẹ̀ àtijọ́, owó bodè tí àwọn oníbodè ń gbà lẹ́nu ọ̀nà ìlú wà lára ohun tí àwọn ìjòyè fi ń gbọ́ bùkátà ìlú. Ní 1918 ni owó-orí dé, nígbà tí Captain Ross ń ṣe Àjẹ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Gbọ̀ngán Mápó, tí a ṣí ní 1929, wá di ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìjọba ìlú fìdí kalẹ̀ sí, àti pé ibẹ̀ ni owó-orí ń dé sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968, orí òkè Mápó náà ni àwọn àgbẹ̀ gùn lọ.

Rògbòdìyàn Agbẹ́kọ̀yà ni a ń sọ. Àwọn àgbẹ̀ ní owó kòkó ti wálẹ̀, ọ̀nà oko kò ṣeé tọ̀, síbẹ̀ owó-orí ń ga, àwọn agbowó-orí sì ń fi ìyà jẹ àwọn. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn lè san. Ẹ̀mí ṣòfò kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀. Ní 1969, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfà Adéoyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Àkànrán, ìjọba Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ sì dín owó-orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Bí a bá wo ẹjọ́ wọn dáadáa, iye owó nìkan kọ́ ni ó bí wọn nínú. Wọ́n san, wọn kò rí ohun tí a fi ṣe.

Ní 1976, ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe káàkiri ilẹ̀ yìí, owó àpò àpapọ̀ sì di ohun pàtàkì tí wọ́n gbójú lé. Láti ìgbà náà ni ariwo ti rọlẹ̀ ní Mápó. Kì í ṣe pé a ń ná owó dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni o. Owó tí ó ń ti ọ̀nà jíjìn wá kì í ta ẹnikẹ́ni lára. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀pá. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbéèrè tí àgbẹ̀ bi lórí ọgbọ̀n ṣílè, ó yẹ kí a bi í lórí ọ̀kẹ́ àìmọye náírà.

Owó tí òfin gbà kí ìjọba ìbílẹ̀ gbà lọ́wọ́ ará ìlú kò farasin. Òfin kan tí ìjọba ológun ṣe ní 1998 ti kà wọ́n: owó ìsọ̀ àti ilé ìtajà kékeré, owó ọjà, owó ibùdókọ̀, owó ìpẹran, owó ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, owó dídí ọ̀nà fún àríyá, owó pátákó ìpolówó, owó kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọmọlanke, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọjà kan bá jẹ́ èyí tí owó ìpínlẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ kò ní gba owó ọjà níbẹ̀. Òfin náà kò sì fàyè gba kí ẹnikẹ́ni gbé igi dí ojú ọ̀nà láti fi gba owó-orí.

Owó-orí ilé wà lára wọn pẹ̀lú, òun ni ó sì le jù ní ìgboro àtijọ́. Ní àdúgbò tuntun, ilé kan, onílé kan. Ṣùgbọ́n ní Òjé, Òjà'ba, Bẹẹrẹ tàbí Bẹyẹ́rúnká, agbo-ilé kan lè ní ogún yàrá àti ìdílé mẹ́jọ, kí mọ́gàjí sì máa gbé òde Ìbàdàn. Ta ni a ó fún ní ìwé owó? Ibi tí ìdílé bá ti fi ẹnu kò, tí wọ́n yan ẹnì kan tí ń gba ìpín kálukú jọ, owó ń wọlé láìsí ìjà. Ibi tí wọn kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé ilé-ẹjọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé.

Ohunkóhun tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì. Rìsíìtì tí ó péye ní orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ lórí, ó ní nọ́ḿbà tí a tẹ̀ sí i, ọjọ́, iye owó àti ohun tí a san án fún. Owó tí kò bá ní rìsíìtì kì í dé ọ̀dọ̀ akápò, èyí tí kò bá sì dé ọ̀dọ̀ akápò kò lè tún ọjà ṣe. Nínú àwòrán ojú ewé yìí, ìyá aláṣọ ń ka nọ́ḿbà orí tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣí àpò owó rẹ̀. Kò bú agbowó, kò sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

Bí a ṣe ń ná an

Alága kò gbọdọ̀ ná owó ìjọba ìbílẹ̀ bí ẹni ná owó àpò ara rẹ̀. Lọ́dọọdún, yóò gbé ètò ìṣúná lọ síwájú àwọn kánsílọ̀, tí wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọn yóò yọ èyí tí kò tọ́, tí wọn yóò sì sọ ọ́ di òfin. Ìṣẹ́ kánsílọ̀ gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ olùdìbò rò pé iṣẹ́ kánsílọ̀ ni láti gbẹ́ kànga tàbí láti fi ìrẹsì ránṣẹ́ nígbà ọdún. Èyí tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ṣeun, ṣùgbọ́n ìbò tí ó dì lórí ètò ìṣúná ni ó yẹ kí a fi dá a lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ni akápò yóò máa san owó pẹ̀lú fáúṣà tí a fọwọ́ sí, tí olùyẹ̀wé-owó inú ilé yóò máa wò ó kí owó tó jáde. Nígbà tí ọdún bá parí, Olùyẹ̀wé-Owó Àgbà fún Àwọn Ìjọba Ìbílẹ̀, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ alága, yóò wá yẹ gbogbo ìwé wò.

Ìtàn ìlú yìí fi hàn pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lè mi ìjọba. Ní 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn yan ọ̀gbẹ́ni E. W. J. Nicholson, akọ̀wé ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti wádìí bí a ṣe ń ṣàkóso Ìgbìmọ̀ Àgbègbè Ìbàdàn. Ìjábọ̀ rẹ̀ ní 1956 rí àṣìṣe tí ó pọ̀. Adégòkè Adélabù, tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà tí ó sì tún jẹ́ mínísítà ní ìjọba àpapọ̀, fi ipò méjèèjì sílẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ gbà pé ìṣèlú ẹgbẹ́ ni ó wà nídìí ìwádìí náà, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì kò lè sẹ́ ni pé ìwé owó ni wọ́n fi jà: ohun tí a kọ sílẹ̀, àti ohun tí a kò kọ.

Ibi tí olùdìbò ti lè rí ìdáhùn

Ìjọba àpapọ̀ máa ń tẹ iye tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà lóṣù jáde, ní orúkọ-orúkọ. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ní fóònù lè wá Ibadan North-East nínú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ètò ìṣúná àti ìwé àyẹ̀wò owó ń bẹ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, òfin ọdún 2011 lórí ẹ̀tọ́ sí ìròyìn sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé béèrè wọn, láìsọ ohun tí ó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dá a lóhùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan.

Nígbà ìpolongo ìbò, ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ olùdíje bóyá yóò tún ọjà ṣe. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé rárá. Ẹ bi í ní iye tí ìjọba ìbílẹ̀ gbà lóṣù tó kọjá, iye tí ó kù lẹ́yìn owó olùkọ́ àti ti òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, àti ohun tí yóò kọ́kọ́ fi èyí tí ó kù ṣe. Ẹni tí kò mọ èyí àkọ́kọ́ kò tíì ronú dé èyí ìkẹyìn.

Kí ẹ tó pàdé fún ẹ̀kọ́ tí ó kàn, kí ẹnì kan nínú yín mú tíkẹ́ẹ̀tì tàbí rìsíìtì kan tí ó gbà ní ọdún yìí wá. Kí ẹlòmíràn kọ iye tí ìjọba ìbílẹ̀ yín gbà lóṣù tó kọjá sórí pátákó. Kí ẹ sì ránṣẹ́ pe kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù yín ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó lè rí àyè mú ètò ìṣúná wá.